Ìdákẹ́ Kọ́ Ni Ìwòsàn

Nígbà tí ọmọkùnrin kan bá ní àìsàn ọpọlọ ní àdúgbò, tí wọ́n gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú, tí ó sì padà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìròyìn tí ó máa ń gba ẹnu àwọn ènìyàn kò ju gbólóhùn kan lọ: ó ti dákẹ́ báyìí. Kò sọ òkò mọ́, kò fa aṣọ ya mọ́, kò kígbe ní òru mọ́. Àwọn ẹbí a ṣe sàráà, wọn a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, àwọn aládùúgbò a sì padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Ẹni tí yóò béèrè bóyá ọmọ náà ń rí oorun sùn, bóyá ó lè ka owó ọjà, bóyá ó ń rántí iye ràkáà tí ó kí ní Àsùbáà, bóyá ẹnikẹ́ni wà tí ń bá a tàkúrọ̀sọ, ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, itọ́ ń dà ní ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá.

Yorùbá ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹni tí ó ti bí i lọ́mọ yóò ṣe. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ tán tí kò fẹ́ fojú kan ọmọ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: mélòó ni mọ́sálásí Jímọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá tí irú wọn kò sí láàárín ìjọ rẹ̀? Àìsàn ọpọlọ tí ó le jùlọ sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn láti ìgbà tí ènìyàn bá ń di géńdé títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, èyí tí í ṣe ọjọ́ orí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí gan-an. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí wọ́n mọ ohun tí àwọn olùwádìí ti rí, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, láàárín àwọn ènìyàn tí ń sọ èdè yìí, tí kì í ṣe ní òkè òkun.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba àkóso ilé ìwòsàn ọpọlọ tí ìjọba ń kọ́ lọ́wọ́ sí Arò. Ilé náà kò tíì parí. Ṣáájú àsìkò yìí, ohun tí ìjọba amúnisìn mọ̀ ní ìtọ́jú wèrè ni ilé àhámọ́, irú èyí tí wọ́n ṣí sí Yábàá ní ọdún 1907: ògiri, àgádágodo àti olùṣọ́. Lambo kò dúró de ògiri. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Arò ká ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹbí kan dání, ó kéré tán, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, aya ni o, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà sí abúlé nígbà tí ó bá ti gba ìtọ́jú tán. Oògùn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lò, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn bá ti wọ ara tán, aláìsàn a padà sí àárín ènìyàn, níbi tí adìyẹ ti ń jẹ̀ ní àgbàlá, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí àwọn àgbà ti ń ta ayò, tí iṣẹ́ oko sì wà fún ẹni tí ó bá lè gbé ọkọ́. Lambo tilẹ̀ gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n máa bá a bójú tó ìgbésí ayé àwọn aláìsàn ní abúlé. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé. Omi wọn àti ìmọ́tótó àyíká wọn sì dára sí i pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ìwòsàn.

Àwọn kan lè sọ pé àìní ilé ni ó fa ọgbọ́n yìí. Kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé parí, Lambo kò tú abúlé ká, àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń wá sí Abẹ́òkúta láti wo ohun tí wọn kò rí ní ìlú tiwọn. Òun fúnra rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó di gíwá rẹ̀, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2004. Nígbà tí Àjọ náà ṣe ìwádìí kan ní ìlú mẹ́sàn-án lágbàáyé nípa irú wèrè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní schizophrenia, Ìbàdàn wà nínú àwọn ìlú náà pẹ̀lú London, Moscow àti Washington. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ti Ìbàdàn àti àwọn ti ìlú Agra ní Íńdíà ni ó ṣe dáadáa ju àwọn ti ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́ka sí ni ẹbí: ilé tí ó kún, iṣẹ́ tí kò le jù tí a lè fi lé aláìsàn lọ́wọ́, àti ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí kò gbọ́dọ̀ sáré sọ pé ẹbí tó, oògùn kò wúlò. Àṣìṣe tí ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 1952, ní ìlú Paris, Jean Delay àti Pierre Deniker bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn kan tí ń jẹ́ chlorpromazine tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Ṣáájú ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oògùn kan ní ilé ìwòsàn òyìnbó tí ó lè lé ohùn òfìfo kúrò ní etí ènìyàn. Oògùn oorun àti aṣọ ìdè ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò sì sùn ní tirẹ̀. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ ìwádìí jáde lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń fi igi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Ẹ̀yà igi yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti rí èròjà reserpine, tí wọ́n lò ní ilé ìwòsàn fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Agbára wà nínú egbò náà. Ohun tí kò sí ni òṣùwọ̀n: ìwọ̀n tí ó mú ẹnìkan sùn lè rọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ títí yóò fi dákú.

Àwọn onímọ̀ gbà pé èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí ń jẹ́ dopamine, tí ó máa ń jíṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ní apá kan ọpọlọ, ènìyàn a máa gbọ́ ohùn, a máa fura pé gbogbo ayé ń lépa òun, ẹ̀rín aládùúgbò a sì di ọ̀tẹ̀ lójú rẹ̀. Chlorpromazine, haloperidol àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń dí ojú ọ̀nà iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n èròjà yìí kan náà ni ara ń lò láti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn geere. Nítorí náà, nígbà tí oògùn bá pọ̀ jù tàbí tí kò bá ara mu, ọrùn a le, ọwọ́ a gbọ̀n, ojú a dá gúdẹ́ bí ojú ère, itọ́ a máa dà. Àwọn oògùn tuntun kan kò fa líle ara tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n a máa mú ènìyàn sanra, àwọn mìíràn a sì máa mú àtọ̀gbẹ súnmọ́ ọn. Fún púpọ̀ nínú ìnira wọ̀nyí ni ọgbọ́n wà: dídín ìwọ̀n kù, yíyí oògùn padà, tàbí fífi oògùn mìíràn kún un tí yóò dẹ ara. Dókítà kò lè lo ọgbọ́n yìí bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Ohun tí ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹbí rí ọmọ wọn tí ó le gan-an bí igi, wọ́n ní oògùn òyìnbó ti ba ọmọ àwọn jẹ́, wọ́n sì da oògùn náà nù. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara a fúyẹ́, gbogbo ilé a yọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn a tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n a ní àìsàn náà kò gbóògùn.

Níhìn-ín ni ẹ̀bi ti kan àwọn dókítà pẹ̀lú. Dókítà tí ó bá wo ènìyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ó rí i pé kò pariwo, tí ó tún oògùn kan náà kọ fún oṣù mẹ́ta sí i, ó ti gba ìdákẹ́ ní ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí ará àdúgbò ti gbà á. Láti ọdún 1991 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òṣùwọ̀n mìíràn, tí kì í wọn àrùn nìkan, tí ó ń wọn bí ayé ṣe rí lára ẹni tí ń ṣàìsàn. Èyí tí ó kúrú nínú rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 26. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni a ń bi: oorun rẹ ńkọ́? Ṣé agbára wà lára rẹ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ràn ọ́ lọ́wọ́? Ṣé owó ọwọ́ rẹ tó ọ ná? Ibi tí o ń gbé ńkọ́? Ẹni tí ó bá ka àwọn ìbéèrè náà yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò sí ní ìkáwọ́ dókítà. Ẹbí, ọ̀gá ibi iṣẹ́, aládùúgbò àti àwọn tí ń kírun pẹ̀lú ènìyàn ni ìdáhùn wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Báwo ni ìdáhùn ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá? Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bi àwọn ènìyàn léèrè nílé wọn ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ènìyàn 2,040 ni ó dá wọn lóhùn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Nínú ọgọ́rùn-ún, 96.5 gbà pé ewu ni ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ, pé yóò ṣe ènìyàn ní jàǹbá. 82.7 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe láti fi ọmọ fún un ni o. Láti bá a sọ̀rọ̀ lásán ni. 16.9 péré ni ó lè ronú pé àwọn yóò fẹ́ ẹni tí ó ti ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2006, wọ́n tún gbé èsì ìwádìí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ní ẹkùn márùn-ún nínú mẹ́fà tí ó wà ní Nàìjíríà. Nínú ènìyàn ọgọ́rùn-ún, 12.1 ni ó ti ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí ní ìgbésí ayé wọn. Nínú àwọn tí àìsàn tiwọn le púpọ̀, nǹkan bí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún tí ó ṣáájú ìwádìí náà.

Kí ènìyàn fi iye méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ẹni mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan yóò rí àìsàn yìí nígbà ayé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sì lè bá a sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù kò pé ìdá márùn-ún àwọn tí ó yí i ká. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń pa ara rẹ̀ mọ́, tí ẹbí fi ń gbé e pamọ́, tí ó fi jẹ́ òru ni wọ́n ń mú un jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ń wo irú rẹ̀.

Ibi náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ àlùfáà ni. Ọ̀rọ̀ yìí sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín Mùsùlùmí fúnra wọn, kí ó má jẹ́ pé láti ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn nìkan ni wọn yóò ti máa gbọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde ní ibi ìtọ́jú kan tí ó wà ní mọ́sálásí ní Òjòó, ní Ìbàdàn. Àwọn kan nínú wọn wà nínú ẹ̀wọ̀n irin, ara àwọn mìíràn ti rù kan egungun. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún kan náà, irú rẹ̀ ti tú jáde ní Kàdúná àti ní Kàtsínà, níbi tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti ilé àtúnṣe. Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni ó ń ṣe é. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí ẹ̀wọ̀n dídè ní Nàìjíríà rí i ní ilé ìjọsìn onígbàgbọ́, ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, àní ní ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń bójú tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹlòmíràn kò sọ ẹ̀bi tẹni di òfo.

Àwọn tí ń gbèjà ẹ̀wọ̀n a máa sọ pé wèrè ni a fi ń wo wèrè. Wọ́n a ní àlùjànnú ni ó wọ ọmọ náà, àlùjànnú ni wọ́n sì ń nà, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Mùsùlùmí kò jiyàn pé àlùjànnú wà, nítorí Àlùkùránì sọ pé wọ́n wà. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé ta ni ó sọ fún àlùfáà pé òun ni ó wà nínú ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ibà tí ó gun orí, wárápá, igbó àti àwọn egbòogi olóró tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu, àìsàn abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ, gbogbo wọn ni ó lè mú ènìyàn sọ ìsọkúsọ. Àlùjànnú kì í fi ìwé hàn kí ó tó wọlé. Pàṣán sì wà ní ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ni ó ń jáde.

Ohun tí Ìsìláàmù fi lélẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fara pamọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n wá ìwòsàn, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ó sì kọ́ wọn pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti sọnù títí tí yóò fi padà: a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹni tí Ọlọ́hun kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn, kí ni ènìyàn ń fìyà jẹ ẹ́ fún? Nínú Súratu Nísáì, ní áyà karùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dé orí àwọn tí òye wọn kò tó láti ṣàkóso dúkìá, àṣẹ tí ó wà fún alágbàtọ́ ni pé kí ó bọ́ wọn, kí ó wọ̀ wọ́n ní aṣọ, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Oúnjẹ, aṣọ, ọ̀rọ̀ rere. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó rí àwòrán àwọn 259 náà wo èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi fún wọn.

Àwọn àgbà Mùsùlùmí ìgbàanì mọ èyí. Abú Zaid al-Balkhí, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìlera ara àti ìlera ẹ̀mí. Ó ya ìbànújẹ́ tí ènìyàn mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́ tí kò ní ìdí, ó sì ní èyí ẹ̀yìn yìí láti inú ara ni ó ti wá, nítorí náà kí wọ́n fi ìtọ́jú ara wò ó. Ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú chlorpromazine ni ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní Damásíkù ní ọdún 1154 àti ní Káírò ní ọdún 1284, àwọn ọba Mùsùlùmí kọ́ ilé ìwòsàn ńlá tí àyè wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fi dúkìá wákáfù gbé e ró. Àwọn tí ń ki ìgbà àtijọ́ ní oríkì lórí àga wàásù ìbá ṣe é bí àwọn ará àtijọ́ ti ṣe é.

Ohun tí ó tún dára jù láti gbọ́ ni èyí tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Wọn kò sọ pé kí ìjọba ti ilé àwọn oníṣègùn àti àwọn tí ń fi àdúà wo àrùn pa. Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò máa lọ. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ní bí wọn yóò ṣe máa lọ sí ilé àwọn olùwòsàn náà, kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn níbẹ̀, kí wọ́n máa bá olùwòsàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n, ìnà àti fífi ebi pa ènìyàn. Olùwòsàn ń ṣe àdúà tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ń fún un ní oògùn. Aláìsàn 307 ni ó wà nínú ìdánwò náà, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wo bí àìsàn ṣe le tó, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ohun tí ó ju 100 lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ dé 53.4, àwọn tí kò rí irú rẹ̀ gbà wà ní 67.6. Ìwà ìpalára ńkọ́? Láàárín àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ti inú 57 nínú ọgọ́rùn-ún wá sí 9. Ó dínkù ní apá kejì náà, láti 42 sí 10, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí pamọ́. Bóyá ojú àlejò tí ó wà nínú ilé nìkan ti tó láti mú ènìyàn tú ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó yẹ kí mọ́sálásí mọ̀ ni, nítorí ojú kò wọ́n ní mọ́sálásí.

Àlùfáà tí ó bá bẹ̀rù pé dókítà fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Kí ó ka Àlùkùránì sí aláìsàn létí, kí ó ṣe àdúà, kí ó fi í lọ́kàn balẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí yóò sọ pé èyí kò wúlò fún ọkàn tí ìdààmú bá. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé kí aláìsàn ju oògùn nù kí àdúà tó lè gbà. Ọ̀rọ̀ kan péré yìí ti dá ọ̀pọ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò.

Òfin pẹ̀lú ti ń yí padà. Títí di ọdún 2023, òfin wèrè ọdún 1958, tí ó ní gbòǹgbò nínú ti amúnisìn ọdún 1916, ni Nàìjíríà ń lò. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tí ó bá iyì ọmọ ènìyàn mu. Òfin lórí ìwé kò ra oògùn ṣá. Oògùn wọ́n, owó ọkọ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn aláìní wà lára àwọn tí Àlùkùránì dárúkọ fún zákà. Ẹgbẹ́ tí ń gba zákà tí kò tíì ka ẹni tí kò lè ra oògùn ọpọlọ kún aláìní, kí ó tún ìwé rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ Arò kan sì kù. Ẹni tí kò bá ní ẹbí tí yóò bá a wá kò lè wọ ètò abúlé náà, nítorí Lambo mọ̀ pé oògùn òwúrọ̀ kò tó bí kò bá sí ẹni tí yóò bá aláìsàn gbé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lónìí, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, àwọn aláìsàn wà tí ó ti rẹ ẹbí wọn, tàbí tí ìyá wọn tí ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ti kú. Mọ́sálásí tí ó ní ogójì ọ̀dọ́ tí ń pàdé ní ọjọ́ Àìkú ní ènìyàn tó láti yan ẹnìkan tí yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù rẹ̀, tí yóò jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, tí yóò bi dókítà nípa ọwọ́ tí ń gbọ̀n, tí yóò sì mú un padà délé kí ìrun Alásárì tó wọlé.